Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ forensic psychology, ẹ ka èyí kí bàbá yín tó ta ilẹ̀

Ọ̀rọ̀ olóṣèlú kọ́ ni mo gbé wá lónìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ́ ni, inú ẹbí mi ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, ọmọ àbúrò bàbá mi kan pè mí láti Ìbàdàn. Ó ti gboyè nínú Sociology, ó sì ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Bí mo ṣe gbé fóònù báyìí, ariwo ló fi bẹ̀rẹ̀: "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bá mi dúpẹ́ o! Yunifásítì kan ní UK ti gbà mí. Forensic psychology ni mo fẹ́ lọ kọ́, ọdún kan péré. Tí mo bá parí ẹ̀, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ibẹ̀ ni mo ti máa ṣiṣẹ́. Mo kàn máa wo ojú èèyàn ni, mo máa mọ̀ bóyá òun ló pààyàn."

Mo rẹ́rìn-ín, torí mo mọ ibi tó ti rí i. Criminal Minds ni. Ọmọ yìí ti wò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rín yẹn ò pẹ́ lẹ́nu mi, torí bàbá rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní, "Ìwọ tó o jẹ́ oníròyìn, bá wa wádìí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Pulọ́ọ̀tì méjì tí mo ní lọ́nà Ìséyìn, mo ti rí ẹni tó fẹ́ rà á. Kí n tó tọwọ́ bọ̀wé, mo fẹ́ gbọ́ tẹnu ẹ."

Ṣé ẹ rí i, ọ̀rọ̀ ti di ti ilẹ̀ nìyẹn. Tí mo bá sọ ìsọkúsọ, ilẹ̀ á lọ, owó á lọ, ọmọ á padà wálé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tí kò ṣílẹ̀kùn kankan fún un. Mo bá jókòó, mo wádìí. Ohun tí mo rí ni mo kọ síbí yìí, torí mo mọ̀ pé àbúrò mi nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ yìí kàn. Àwọn tó ń bi mí nípa ẹ̀ pọ̀.

Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an?

Inú èdè Látìn ni wọ́n ti mú forensic. Forum làwọn ará Róòmù àtijọ́ ń pe gbàgede ìlú tí wọ́n ti ń ná ọjà, tí wọ́n sì ti ń dá ẹjọ́. Psychology, ìyẹn sàìkọ́lọ́jì, ni ẹ̀kọ́ nípa bí ọkàn àti ọpọlọ èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ìdí tí èèyàn fi ń hu ìwà tó ń hù. Ẹ so méjèèjì pọ̀, ó di sàìkọ́lọ́jì tó ń bá òfin àti kóòtù ṣiṣẹ́.

Ẹ má rò pé ọ̀daràn nìkan ni wọ́n ń kọ́ nípa ẹ̀ o. Ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀. Ọlọ́pàá tó ń fọ̀rọ̀ wá afurasí lẹ́nu wò wà níbẹ̀. Adájọ́ fúnra ẹ̀ wà níbẹ̀, torí èèyàn lòun náà. Ọmọ kékeré tí bàbá àti ìyá ẹ̀ ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ ní kóòtù lẹ́yìn tí ìgbéyàwó tú ká, òun náà wà níbẹ̀.

Ó tún yàtọ̀ sí iṣẹ́ dókítà ọpọlọ. Dókítà ọpọlọ, ìyẹn psychiatrist, ìmọ̀ ìṣègùn ló kọ́kọ́ kọ́, ó sì lè kọ oògùn fún aláìsàn. Onímọ̀ sàìkọ́lọ́jì kì í ṣe oníṣègùn. Ìdánwò, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìwádìí àti ìtọ́jú tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣe ni tiẹ̀. Àwọn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ àti irun lọ sí láàbù lẹ́yìn tí wọ́n bá pààyàn, iṣẹ́ tiwọn tún yàtọ̀. Mo sọ èyí torí ẹnì kan bi mí bóyá òun gbọ́dọ̀ lè rí òkú kóun má dákú. Rárá o. Ìwé lẹ máa rí jù.

Ibi tí òfin ti kan ọpọlọ

Ní oṣù kìíní ọdún 1843, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Daniel M'Naghten yìnbọn lu Edward Drummond ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Drummond sì kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Akọ̀wé olórí ìjọba Britain, Robert Peel, ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà ni pé Peel gan-an ni M'Naghten rò pé òun ń yìnbọn fún, torí ó dá a lójú pé ẹgbẹ́ òṣèlú Peel ló ń lé òun kiri. Àwọn ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní kò jẹ̀bi, orí ẹ̀ ni kò pé. Inú bí ará ìlú, inú bí ọbabìnrin pàápàá. Ilé aṣòfin àgbà wọn wá ní káwọn adájọ́ ṣàlàyé ìgbà tó yẹ kí wọ́n sọ pé àìsàn ọpọlọ gba èèyàn lọ́wọ́ ẹ̀bi. Ìdáhùn wọn ló di òfin M'Naghten tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́yà ń há sórí dòní olónìí.

Kí ló kan àwa? Ó kàn wá dáadáa. Ẹ ṣí ìwé òfin ìwà ọ̀daràn wa, Criminal Code, sí abala 28. Ó ní kò sí ẹ̀bi lọ́rùn ẹni tó jẹ́ pé, lásìkò tó ṣe nǹkan náà, àìsàn ọpọlọ tàbí àbùkù ọpọlọ tí wọ́n bí mọ́ ọn kò jẹ́ kó mọ ohun tó ń ṣe, tàbí kò jẹ́ kó lè kó ara ẹ̀ níjàánu, tàbí kò jẹ́ kó mọ̀ pé kò yẹ kóun ṣe é. Ọ̀rọ̀ kíkó ara ẹni níjàánu yẹn, kò sí nínú ti M'Naghten. Tiwa fẹ̀ jù ú lọ.

Ẹ wò ó dáadáa: lásìkò tó ṣe é. Ìbéèrè kan nìyẹn. Ìbéèrè kejì yàtọ̀: ṣé orí ẹni yìí pé tó lónìí láti dúró níwájú adájọ́, kí ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án yé e, kó sì lè bá lọ́yà ẹ̀ sọ̀rọ̀? Orí èèyàn lè pé lọ́jọ́ tó ṣẹ̀, kí àìsàn wá dé sí i ní àtìmọ́lé. Ó sì lè jẹ́ òdì kejì. Àwa oníròyìn máa ń da méjèèjì pọ̀, ẹ dárí jì wá. Iṣẹ́ ẹni tó kọ́ forensic psychology ni láti yà wọ́n sọ́tọ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́nà tó máa yé adájọ́.

Nílẹ̀ wa, dókítà ọpọlọ ni kóòtù sábà máa ń gbójú lé fún irú ẹ̀rí yìí. Abala 68 nínú òfin Evidence Act ti 2011 ló fàyè gba èrò àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní kóòtù. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ìjà làwọn onímọ̀ sàìkọ́lọ́jì jà kí wọ́n tó gbà wọ́n. Ọdún 1962, nínú ẹjọ́ Jenkins, ni kóòtù kòtẹ́milọ́rùn kan ní Washington sọ pé wọn ò lè lé ẹni tó ní ìmọ̀ sẹ́yìn kìkì nítorí pé kì í ṣe dókítà oníṣègùn.

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, Lántòrò tẹ́ ẹ fi ń ṣe ara yín ní yẹ̀yẹ́ yẹn, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀. Ọdún 1944 ni wọ́n sọ ọ́ di ibi ìtọ́jú alárùn ọpọlọ, ibẹ̀ ló sì ṣáájú ilé ìwòsàn Aró tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo sọ di olókìkí. Ọgbà ẹ̀wọ̀n tó di ilé ìwòsàn! Kò sí bí mo ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀kọ́ yìí tó máa yéni jù ìyẹn lọ.

"Ojú mi báyìí ló rí i"

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìròyìn, mo bá èrò rẹpẹtẹ nísàlẹ̀ bíríìjì kan l'Ékòó. Wọ́n ti lu ọmọkùnrin kan, ẹ̀jẹ̀ bo ojú ẹ̀. Wọ́n ní ó jí fóònù ìyá kan nínú dánfó. Ìyá yẹn sọ fún mi pé, "Ojú mi báyìí ló rí i, oníṣẹ́ẹ̀tì pupa yìí náà ni." Èèyàn méjì mirí sí i. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "Àwọn tọ́rọ̀ ṣojú wọn sọ pé..." Mo tún fi fọ́tò ọmọ náà sí i.

Lọ́jọ́ kejì, kọ̀ńdọ́kítọ̀ dánfó yẹn gbé fóònù wá. Àárín àga ló já sí. Ọmọkùnrin yẹn ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù. Mo kọ àtúnṣe, àmọ́ ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ àtúnṣe ṣe ń rí: àwọn tó ka ti àkọ́kọ́ ò padà wá ka ìkejì.

Fún ọdún púpọ̀, mo rò pé ìyá yẹn parọ́ ni. Ẹ̀kọ́ yìí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó má parọ́ rárá. Ohun tó sọ dá a lójú. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Hugo Münsterberg, ará Jámánì tó ń kọ́ni ní Harvard, ti pariwo ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé rẹ̀, On the Witness Stand, lọ́dún 1908. Àwọn lọ́yà ìgbà náà fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó di ọdún 1974 kí Elizabeth Loftus àti John Palmer tó ṣe ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ sàìkọ́lọ́jì tí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi fíìmù ìjàǹbá mọ́tò han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n wá bi wọ́n bí eré mọ́tò ṣe pọ̀ tó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n yí padà nínú ìbéèrè. Àwọn kan, wọ́n bi wọ́n pé báwo ni eré náà ṣe pọ̀ tó nígbà táwọn mọ́tò yẹn rún ara wọn wómúwómú. Àwọn kan, nígbà tí wọ́n fara kan ara wọn. Àwọn tó gbọ́ "rún wómúwómú" sọ pé eré náà tó nǹkan bíi máìlì 41 ní wákàtí kan. Àwọn tó gbọ́ "fara kan" sọ pé kò ju nǹkan bíi 32 lọ. Fíìmù kan náà ni gbogbo wọn wò o!

Wọ́n tún ṣe ìkejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn bóyá wọ́n rí gíláàsì tó fọ́. Kò sí gíláàsì kankan nínú fíìmù yẹn. Nínú 50 tó ti gbọ́ "rún wómúwómú", 16 ní àwọn rí i. Nínú 50 tí wọn ò bi léèrè nípa eré mọ́tò rárá, 6 péré ni. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn gbọ́ lẹ́yìn tí nǹkan ṣẹlẹ̀ lè wọnú ohun tó rí, kó sì di ara ẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó dùn mí jù ni ti Jennifer Thompson ní North Carolina lọ́dún 1984. Akẹ́kọ̀ọ́ ni nígbà tí ọkùnrin kan fọ́ ilé ẹ̀, tó sì fipá bá a lò pọ̀. Nínú ìrora yẹn, ó tẹjú mọ́ ojú ọkùnrin náà, ó ń há a sórí, kó lè mú un lọ́jọ́ iwájú. Nígbà táwọn ọlọ́pàá kó fọ́tò síwájú ẹ̀, ó mú Ronald Cotton. Wọ́n to àwọn ọkùnrin sílẹ̀ níwájú ẹ̀, ó tún mú Cotton. Wọ́n sọ Cotton sẹ́wọ̀n gbére. Ó lo ju ọdún 10 lọ níbẹ̀ kí ìdánwò DNA tó fi hàn lọ́dún 1995 pé kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ẹlòmíì ni. Lónìí, Thompson àti Cotton ti jọ kọ ìwé, wọ́n sì jọ ń kiri sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀.

Ẹ wá ronú sí ohun tí à ń ṣe nílẹ̀ yìí. Ọlọ́pàá á to àwọn afurasí sílẹ̀ níwájú kámẹ́rà, àwa oníròyìn á ya fọ́tò wọn, ó di orí ẹ̀rọ ayélujára. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá pe ẹni tí wọ́n jà lólè pé kó wá fi ọwọ́ tọ́ka sí olè. Ojú wo ló fẹ́ tọ́ka sí, bí kì í bá ṣe èyí tó ti rí lórí fóònù ẹ̀ láàárọ̀? Èmi ò fi fọ́tò afurasí síbí mọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń béèrè ìdí.

Ẹni tó jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe

Ìyá mi máa ń sọ pé kò sí ẹni tó máa jẹ́wọ́ olè tí kò jà. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyá mi, àmọ́ ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Gísli Gudjonsson, ará Iceland, ti ṣe ọlọ́pàá kó tó di onímọ̀ sàìkọ́lọ́jì ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Òun fúnra ẹ̀ máa ń sọ bí òun ṣe fọ̀rọ̀ wá ọ̀mùtí kan lẹ́nu wò lórí pọ́ọ̀sì tí wọ́n ní ó jí. Ọkùnrin náà jẹ́wọ́. Ó wá hàn pé ẹnikẹ́ni ò jí pọ́ọ̀sì yẹn rárá. Bí mo ṣe ka ìyẹn, fóònù inú dánfó ló wá sí mi lọ́kàn.

Gudjonsson ṣe ìdánwò kan tó ń wọn bí èèyàn ṣe máa ń tètè gba ohun tí wọ́n bá fi sí i lẹ́nu, àti bó ṣe máa ń yí ìdáhùn padà tí wọ́n bá jágbe mọ́ ọn. Ó wà lára àwọn tó ṣàyẹ̀wò àwọn tí wọ́n ń pè ní Guildford Four àti Birmingham Six, tí Britain sọ sẹ́wọ̀n lọ́dún 1975 lórí ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jẹ́wọ́. Ọdún 1989 ni kóòtù fagi lé ìdálẹ́bi àwọn mẹ́rin yẹn, ti àwọn mẹ́fà di 1991. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọlọ́pàá England àti Wales yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fọ̀rọ̀ wáni lẹ́nu wò padà. Wọ́n pe ọ̀nà tuntun náà ní PEACE: kí ọlọ́pàá múra sílẹ̀, kó jẹ́ kí afurasí sọ tẹnu ẹ̀ tán, kó wá fi wé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀. Òtítọ́ ni wọ́n ń wá níbẹ̀, wọn ò torí ìjẹ́wọ́ jókòó.

Àwa náà ní òfin. Administration of Criminal Justice Act ti 2015, abala 15, sọ pé wọ́n lè gba ìjẹ́wọ́ sílẹ̀ sórí fídíò. Abala 17 sọ̀rọ̀ nípa kí lọ́yà tàbí ẹlòmíì tí afurasí bá yàn wà níbẹ̀ nígbà tó bá ń kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀. Òfin tó lòdì sí ìfìyàjẹni, Anti-Torture Act, dé lọ́dún 2017. Ìwé òfin ò wọ́n wa. Ohun tó wọ́n ni ẹni tó máa lè dúró ní kóòtù, tó máa ṣàlàyé fún adájọ́ ìdí tí ọmọ ọdún 18 tí kò tíì sùn látàná fi máa fọwọ́ sí ohunkóhun tí wọ́n bá gbé síwájú ẹ̀. Tí àbúrò mi bá máa di irú ẹni bẹ́ẹ̀, mo ní kí ilẹ̀ Ìséyìn lọ, kò burú. Ìbéèrè tó kù ni pé, ṣé ìwé ọdún kan yẹn máa gbé e débẹ̀?

Ti inú fíìmù ńkọ́?

Mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Lóòótọ́, àwọn òṣìṣẹ́ FBI bíi Robert Ressler àti John Douglas fọ̀rọ̀ wá apànìyàn 36 lẹ́nu wò lẹ́wọ̀n, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fíìmù wọ̀nyẹn ti wá. Àmọ́ ìwọ̀nba ni nínú ẹ̀kọ́ yìí, ó sì ti fa àbámọ̀ rí. Nígbà tí wọ́n pa Rachel Nickell ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù lọ́dún 1992, ọlọ́pàá ní kí onímọ̀ sàìkọ́lọ́jì júwe irú ẹni tó lè ṣe é. Wọ́n ní ó bá Colin Stagg mu, wọ́n rán ọlọ́pàábìnrin kan pé kó lọ máa ṣe bíi pé òun nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó lè jẹ́wọ́. Kò jẹ́wọ́. Síbẹ̀ ó lo ju ọdún kan lọ ní àtìmọ́lé kí adájọ́ tó da ẹjọ́ náà nù lọ́dún 1994. Ẹni tó ṣe é gan-an, Robert Napper, ọdún 2008 ló tó gbà ní kóòtù pé òun ni.

Nípa wíwo ojú èèyàn kí ẹ mọ̀ pé irọ́ ló ń pa: ẹ gbàgbé ẹ̀. Àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí ẹ̀ fi hàn pé àwa èèyàn, títí kan ọlọ́pàá, ò fi bẹ́ẹ̀ dára ju ẹni tó ju owó sókè tó ń mefò lọ.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́, àti ibi tó ń gbéni lọ

Ìṣirò! Mo mọ̀ pé inú yín ò ní dùn. Àmọ́ kò sí sàìkọ́lọ́jì láìsí statistics, àwọn tó sá fún Maths wá síbí ló máa ń kọ́kọ́ sunkún. Ní ọdún mẹ́rin dígírì àkọ́kọ́, ẹ máa kọ́ nípa ìrántí, bí ọmọdé ṣe ń dàgbà, bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, àìsàn ọpọlọ, ìwà àwùjọ àti ọ̀nà ìwádìí. Forensic lè jẹ́ kọ́ọ̀sì kan tàbí méjì péré nínú ẹ̀. Ní máásítà ló ti máa ń jinlẹ̀. Níbẹ̀ lẹ máa pàdé PCL-R tí Robert Hare ṣe láti fi mọ ẹni tí ọkàn ẹ̀ ti yigbì: ohun 20 ni wọ́n ń wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 0, 1 tàbí 2, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 40. Ẹ tún máa pàdé HCR-20 tí wọ́n fi ń gbé e yẹ̀ wò bóyá ẹnì kan tún lè ṣe èèyàn léṣe: 10 nínú ohun tó ń wò jẹ́ ti àná, 5 ti òní, 5 ti ọ̀la. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Kò sí èyí tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ nínú méjèèjì, kò sì yẹ kí ẹni tí wọn ò kọ́ lò ó.

Nǹkan míì tí kò sẹ́ni tó sọ fún àbúrò mi: nínú iṣẹ́ yìí, ẹni tó jókòó síwájú rẹ lè má jẹ́ ẹni tó rán ẹ níṣẹ́. Tí kóòtù bá ní kó o lọ ṣàyẹ̀wò ẹnì kan, kóòtù lo ń jíṣẹ́ fún. O gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún ẹni yẹn pé ohun tó bá sọ lè dé etí adájọ́. Kì í ṣe bí ìgbà téèyàn lọ bá olùtọ́jú ẹ̀ sọ̀rọ̀ àṣírí. Àwọn kan ò lè fara da ìyẹn, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Nílé níbí, UI, OAU, UNILAG, LASU àti OOU ní ẹ̀ka sàìkọ́lọ́jì. Ẹ wo ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB fún àwọn iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń béèrè, torí wọn ò dọ́gba. Ọ̀pọ̀ máa ń gba ọ̀nà máásítà clinical psychology, wọ́n á wá yà síbi ọ̀rọ̀ òfin lẹ́yìn náà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ, ọgbà àtúnṣe, àti àwọn ẹgbẹ́ tó ń ran ọmọdé àti obìnrin tí wọ́n fìyà jẹ lọ́wọ́ ni iṣẹ́ sábà ń wà. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 rọ́pò òfin Lunacy tí Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún wa. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn mú iṣẹ́ wá. Mo ń retí, mi ò ṣèlérí.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà jìn: dókítà nínú sàìkọ́lọ́jì, PhD tàbí PsyD, lẹ́yìn náà láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, máásítà nìkan ò ní sọ yín di psychologist níbẹ̀.

Britain ló kan ẹbí mi, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Láti 2009 ni òfin ibẹ̀ ti dáàbò bo orúkọ "forensic psychologist". Ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò sí nínú ìwé àjọ HCPC ò gbọ́dọ̀ pe ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti débẹ̀, ẹ nílò dígírì sàìkọ́lọ́jì tí ẹgbẹ́ BPS fọwọ́ sí tàbí gbà pé ó tó, lẹ́yìn náà máásítà forensic psychology tí BPS fọwọ́ sí, lẹ́yìn náà ó kéré tán ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá tó ń ṣọ́ yín. Àwọn yunifásítì kan, bíi Birmingham, ní ètò dókítà tó so ìparí yẹn pọ̀. Ẹni tí dígírì ẹ̀ kì í ṣe sàìkọ́lọ́jì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe kọ́ọ̀sì ìyípadà tí wọ́n ń pè ní conversion. Ẹ sì mọ̀ pé ọgbà ẹ̀wọ̀n àti ilé ìwòsàn aláàbò bíi Broadmoor ló ń gbà wọ́n síṣẹ́ jù, ọlọ́pàá kọ́.

Ṣé ẹ ti rí ibi tí ẹsẹ̀ àbúrò mi ti fẹ́ yọ̀? Sociology ló kà. Yunifásítì tó gbà á kò béèrè dígírì sàìkọ́lọ́jì rárá, gbogbo ẹni tó bá ti ní owó ni wọ́n ń gbà. Mo ní kó kọ méèlì sí wọn pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé BPS fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì yìí? Ọjọ́ mẹ́rin ló fi dúró. Ìdáhùn tó padà wá gùn, ó dùn-ún kà, ó sọ̀rọ̀ nípa láíbìrì wọn àti òdòdó inú ọgbà wọn. Ìlà kejì láti ìsàlẹ̀ ló ti sọ pé rárá, BPS ò fọwọ́ sí i.

Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bàbá ẹ̀ pe ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀, ó ní kó ṣe sùúrù.

Nígbà tó padà pè mí, ohùn ẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ti ń wo àwọn kọ́ọ̀sì conversion tí BPS fọwọ́ sí, èyí tí wọ́n lè ṣe láti ilé lórí íntánẹ́ẹ̀tì wà lára ẹ̀. Ó ti ra ìwé statistics àlòkù kan. Mo ní kó ṣe nǹkan kan fún mi kó tó san kọ́bọ̀: kó lọ jókòó sí kóòtù májísíréètì ní Ìyágankú fún ọjọ́ márùn-ún, kó wo bí ẹlẹ́rìí ṣe ń sọ̀rọ̀, kó wo ojú àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, kó sì bi ara ẹ̀ bóyá òun lè fi ogún ọdún ṣe é.

Ní Mọ́ńdè tó kọjá, ní aago mọ́kànlá ààbọ̀, méṣéèjì ẹ̀ wọlé: "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ti sún síwájú láti àárọ̀. Iná ti lọ, ooru ń mú. Ẹlẹ́rìí kan ní dúdú ni mọ́tò yẹn, nígbà tí lọ́yà tún bi í, ó di búlúù. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ṣì jókòó."